Òkúta Tí Mọ̀mí Fọ̀

Kò sí òkúta ní Festac. Ẹ gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀ títí ẹ ó fi kan omi, yanrìn ni. Ẹ gbẹ́ ẹ kọjá omi, yanrìn tó ti mumi yó ni. Láti Alákijà títí dé Raji Rasaki Estate, òkúta yòówù tí ẹ bá rí, àlejò ni. Típà ló gbé e wá. Yóò já a sílẹ̀ lẹ́nu géètì, àwọn ọmọ àdúgbò yóò gun orí rẹ̀ bí ẹni gun Olúmọ, onílé yóò yọ sí wọn tòun ti pàṣán, nígbà tí ọ̀sẹ̀ bá fi yípo, òkúta ti di òpó ilé. Ohun tí Èkó ń pè ní gíránáìtì nìyẹn: ẹ̀gbọ́n sìmẹ́ǹtì.

Nítorí náà, ẹ má dá Ezra lẹ́bi. Ezra ló ń ta péǹtì ní Apple Junction, níbi tí ariwo ọkọ̀ ò ti jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń rò. Lọ́sàn-án Sátidé kan, obìnrin kan tó wọṣọ dúdú yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ní òun fẹ́ péǹtì pupa, agolo tó kéré jù lọ.

"Géètì lẹ fẹ́ kùn, Àǹtí?"

"Rárá o. Òkúta ni."

"Òkúta bíi ti báwo?"

"Òkúta, bọ̀dá. Mo fẹ́ kọ nọ́ńbà sí wọn lára."

Ezra gbé agolo náà padà sórí àtẹ. Ní Amuwo-Odofin, ẹni tó bá ń gbé péǹtì pupa kiri, tó ń kọ nọ́ńbà síhìn-ín sọ́hùn-ún, ìjọba ni, katapílà ló sì máa ń tẹ̀lé e.

"Àǹtí, àbẹ́ẹ̀gì, ṣọ́ọ̀bù yìí ní ìwé o."

"Èmi kì í ṣe ìjọba."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni ti èṣí wí. Bí ẹ ṣe ń rẹ́rìn-ín yìí lòun náà rẹ́rìn-ín sí mi."

Lóòótọ́, obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín, ó sì ya òun alára lẹ́nu. Yíwọlá lorúkọ rẹ̀. Kò tíì rẹ́rìn-ín látọjọ́ tí wọ́n ti sin Ọláìtán, ọkọ rẹ̀.

Ẹ̀rín náà ló mú kí Ezra gbà nígbẹ̀yìn. Ó gbé agolo náà sọ̀kalẹ̀, ó fi ìṣó ṣí i kó lè rí i pé péǹtì inú rẹ̀ kò tíì dì. Ó tẹ ìdérí padà, ó fi ọ̀rá dúdú wé e. "Ìdérí ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ le mọ́ o. Ẹ jẹ́ kó dúró ṣinṣin nínú báàgì. Ẹ má ṣe é bíi mílíìkì."

Ó sì jọ agolo mílíìkì lóòótọ́.

Òkúta ló so Yíwọlá àti Ọláìtán pọ̀. Àwọn méjèèjì ló kọ́ ìmọ̀ òkúta ní yunifásítì, àfi pé ti Ọláìtán ti di àìsàn. Ọmọ tí wọ́n bí sórí yanrìn Raji Rasaki! Bí wọ́n bá lọ síbi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ gbọ̀ngàn ni yóò máa wò, tí yóò máa sọ fún Yíwọlá irú òkúta tí wọ́n fi ṣe táìsì náà, títí ìyàwó ọlọ́jọ́ yóò fi jó kọjá níwájú rẹ̀ tí kò ní rí i.

Òkè kan lápá Òkè Ọya ló wá gba gbogbo ọkàn rẹ̀. Iná abẹ́ ilẹ̀ ló bí òkè náà láyé ọjọ́un, ó sì ká roboto bí òṣùká. Èyí tó pọ̀ jù nínú òkúta ibẹ̀, ẹbí kan ni wọ́n, aláwọ̀ eérú, tí káún pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Sáyẹ́náìtì làwọn onímọ̀ ń pè wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń rìn láàárín wọn, ẹ ó ṣàdédé pàdé gíránáìtì níhìn-ín, ẹ ó tún bá òmíràn lọ́hùn-ún, tó pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún sùn, tí hóró tó ń dán bíi gíláàsì kún inú rẹ̀. Hóró yẹn ò sí lára àwọn yòókù rárá. Kí wá ni gíránáìtì ń wá níbẹ̀? Ṣé iná kan náà ló bí i, tó kàn jẹ́ àbígbẹ̀yìn tí ìwà rẹ̀ yàtọ̀ sí tàwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Àbí àlejò ni, tó ti ibòmíì yà wọlé onílé?

"Ọmọ ilé ni àbí àlejò?" Ìbéèrè tí Ọláìtán máa ń fi gbádùn oúnjẹ alẹ́ nìyẹn. Òun fura pé ọmọ ilé ni. Ṣùgbọ́n kéèyàn tó mọ̀ dájú, ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí òkúta kọ̀ọ̀kan ti wá gan-an: ṣé àárín òkè ni, ṣé etí rẹ̀ ni, ta ló fara kàn. Ìdí nìyẹn tó fi ń kọ nọ́ńbà sí wọn lára, tó sì ń kọ nọ́ńbà kan náà sórí máàpù òkè náà, èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà Yíwọlá. Òkúta tí ò ní nọ́ńbà, ọmọ tó sọnù lọ́jà ni. Ó mọ orúkọ ara rẹ̀, kò mọ ilé.

Péǹtì pupa ló fi ń kọ ọ́, nítorí pé òógùn a máa nu nǹkan mìíràn kúrò. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń padà bọ̀ wá sí Èkó, ó tún gbogbo nọ́ńbà náà kọ, ó pe Yíwọlá lórí fóònù. "Péǹtì ò tíì gbẹ, dírẹ́bà ti ń fọn fèrè bí ẹni tíyàwó ẹ̀ ń rọbí. Mo ti kó gbogbo ẹ̀ sápò bẹ́ẹ̀. Bó bá rá, wàá bá mi tún un kọ." Yíwọlá ní òun kì í ṣe lébìrà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ kẹ́yìn nìyẹn. Ọkọ̀ náà kò dé Èkó. Fóònù Ọláìtán fọ́ yángá, àwọn àpò òkúta ò sì ní nǹkan kan tó ṣe wọ́n. Àwọn tó gbé òkú rẹ̀ wá ló já wọn sílẹ̀ lójúlé ìyá rẹ̀, bí ìgbà tí típà já ẹrù.

Ọ̀gá wọn ní yunifásítì wá pe Yíwọlá. Ó ní bó bá lè kó àwọn òkúta náà wá, kó sì parí iṣẹ́, àwọn yóò tẹ̀ ẹ́ jáde, orúkọ Ọláìtán ni yóò ṣáájú, tirẹ̀ yóò tẹ̀lé e. Wọn ò bímọ. Ibì kan ṣoṣo tó kù tí orúkọ náà ti lè dúró nìyẹn. Bó ti wù kí péǹtì rá tó, ojú Yíwọlá mọ ìkọ̀wé ọkọ rẹ̀. Yóò ka nọ́ńbà, yóò tún un kọ, gẹ́gẹ́ bí lébìrà tó ní òun kì í ṣe.

Ìdí agolo péǹtì nìyẹn.

Lẹ́nu géètì Raji Rasaki, ta ni yóò kọ́kọ́ pàdé bí kò ṣe Alàájà Kúlísúmù, aládùúgbò Mọ̀mí, ìyá Ọláìtán. Baba baba Alàájà yìí ti ń dẹ ìgèrè nílẹ̀ yìí nígbà tó ṣì jẹ́ àbàtà, nítorí náà kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní èsìteètì tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé baba rẹ̀.

"Yíwọlá! Ìyàwó wa! Kí ló dé tó o gbẹ bíi panla báyìí?"

"Ẹ káàsán, Alàájà."

"Òkúta lo wá kó, àbí? O ti pẹ́ jù, ọmọ mi."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Èmi ò sí níbẹ̀ o. Ojú fèrèsé ni mo wà." Ó fa Yíwọlá mọ́ra. "Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ìyá ọkọ ẹ wá kí i. Wọ́n yọjú wo inú àpò, wọ́n rí nǹkan pupa lára òkúta, ọ̀kan nínú wọn kígbe pé òrìṣà ni! Kò pẹ́ tí wọ́n lọ, Ìyá Láìtán kó gbogbo ẹ̀ sẹ́yìnkùlé. Ó gbé bàsíà, ó gbé kẹrosíìnì, ó mú kànìnkànìn onírin. Ó ń fọ̀, ó ń kọrin, ó ń fọ̀, ó ń kọrin. Mo ní, 'Ìyá Láìtán, ṣé ẹ fẹ́ sè é ni?'"

"Ó fọ̀ wọ́n?"

"Ó mọ́ bí àwo ìyàwó tuntun."

Yíwọlá ò dúpẹ́, kò dágbére. Ó rìn lọ sílé Mọ̀mí pẹ̀lú ìbínú tó tó gbé katapílà ṣubú. Òrìṣà! Gbogbo ọdún tí ọkọ rẹ̀ fi gun òkè nínú ọyẹ́, tó ń sùn ní yàrá tí ejò ń gbà kọjá, ẹnìkan tó ń gbóhùn sókè nínú àdúrà ló wá fi kànìnkànìn onírin nù ún dànù? Ó ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu bí ẹni to bíríkì. Ó ti ilẹ̀kùn wọlé.

Ọ̀rọ̀ náà wó.

Gbogbo òkúta wà ní pálọ̀. Wọ́n wà lórí tábìlì, wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, wọ́n jókòó lórí àga ìrọ̀gbọ̀kú bí àlejò pàtàkì, aṣọ funfun sì wà lábẹ́ wọn. Gíránáìtì pọ́n, sáyẹ́náìtì ṣú, gbogbo wọn ń dán. Yíwọlá gbé ọ̀kan, ó yí i padà, ó gbé òmíràn. Kò sí nọ́ńbà lára ẹyọ kan.

Mọ̀mí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín wọn. Obìnrin tó ga ni tẹ́lẹ̀, kó tó di pé ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀.

"Mọ̀mí, kí lẹ ṣe sí àwọn òkúta yìí?"

"O ò kí mi."

"Ẹ káàsán, Mọ̀mí. Kí lẹ ṣe sí wọn?"

"Mo fọ̀ wọ́n."

"Torí pé wọ́n ní òrìṣà ni? Iṣẹ́ ọmọ yín, ẹ wá gbà kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pè é ní òrìṣà?"

Mọ̀mí wò ó, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín gbígbẹ, bí ìgbà tí wọ́n ń ha ìdí ìkòkò. "Òrìṣà? Mo fi ìgbálẹ̀ lé wọn jáde níbí! Sísítà Lois tó sọ ọ́, bàtà ẹ̀ kan ṣì wà lábẹ́ àga yẹn, kò tíì láyà láti wá gbé e. Mo ní ẹ̀yin aláìnítìjú, ẹ̀ ń wo ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi, ẹ̀ ń pè é ní òrìṣà."

Yíwọlá ò tètè gbọ́ ọ yé. "Ẹ̀jẹ̀ báwo?"

"Ẹ̀jẹ̀ Láìtán. Ó wà lára gbogbo wọn." Mọ̀mí fa òkúta kan sórí itan rẹ̀. "Ìwọ, o rí i. O rí ojú ẹ̀, o rí ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí. Èmi ńkọ́? Àwọn àgbà tì mí mọ́ yàrá. Wọ́n ní òbí kì í mọ sàárè ọmọ. Mo ní mo gbọ́, mo ní àṣà ni, àmọ́ kí wọ́n kàn jẹ́ n rí ẹsẹ̀ ẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán! Wọ́n kọ̀. Mò ń gbọ́ nígbà tí ọkọ̀ gbé e lọ, mò ń fojú wá ihò kọ́kọ́rọ́. Ìdí tí mi ò fi ń gbé fóònù ẹ nìyẹn, Yíwọlá. Mò ń jowú ẹ."

"Mọ̀mí."

"Jẹ́ n parí ẹ̀. Mo tú àpò, mo sì rí i. Ó rá mọ́ gbogbo òkúta yẹn lára, pupa. Mo ní háà, Láìtán, o mọ̀ pé wọn ò jẹ́ n wá bá ẹ, ìwọ lo wá bá mi. Èmi ni mo fọ ọmọ yẹn lọ́jọ́ tó dáyé, kí ló dé tí wọn ò jẹ́ n fọ̀ ọ́ kẹ́yìn? Mo wá fọ̀ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ ẹni kì í wà ní gbangba kí eṣinṣin máa bà lé e. Omi ò ràn án. Ọṣẹ ò ràn án. Kẹrosíìnì ló ràn án. Mo ní, wo bó ṣe le tó, kò fẹ́ fi mí sílẹ̀. Mo da omi ẹ̀ sí ìdí igi fúrúùtù lẹ́yìn ilé, níbi tí bàbá ẹ̀ ri ibi ẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ tí mo bí i."

Yíwọlá di báàgì rẹ̀ mú. Agolo péǹtì inú rẹ̀ ti wúwo bí òkè Ọláìtán látòkè délẹ̀.

"Àwọn ará ilé ní orí mi ti ń yí," Mọ̀mí wí. "Ìwọ lo mọ òkúta. Ìwọ kì í sì í parọ́, ọ̀kan nínú ohun tí mi ò fẹ́ràn lára ẹ nìyẹn. Sọ fún mi. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ni àbí òun kọ́?"

Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tí Yíwọlá kọ́, ohun àkọ́kọ́ ni pé èèyàn kì í parọ́ mọ́ òkúta. Bóo bá parọ́ mọ́ ọn, òkúta mìíràn yóò tú ọ fó. Ó wo ojú ìyá náà. Ó wo gbogbo òkúta tó wà lórí aṣọ funfun, iṣẹ́ ayé ọkọ rẹ̀, tó mọ́ tónítóní.

"Òun ni, Mọ̀mí."

"Mo mọ̀!" Mọ̀mí mí kanlẹ̀. Ẹ ó rò pé wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀. Ó na òkúta tó wà lórí itan rẹ̀ sí Yíwọlá, ọ̀kan nínú àwọn tó pọ́n. "Èyí ńkọ́? Ó ti fi irú ẹ̀ hàn mí rí. Ó ní òun ò tíì mọ̀ bóyá ọmọ ilé ni."

Nọ́ńbà nìkan ló lè sọ ìyẹn, kò sì sí nọ́ńbà mọ́. Yíwọlá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọmọ ilé ni, Mọ̀mí."

"Ṣé o rí i! Mo sọ fún un! Mo ní Láìtán, ẹni tó bá ti pẹ́ nínú ilé tó báyìí, tó ń bá wọn jìyà, ẹ fi í sílẹ̀, ọmọ ilé ni. Ó ní, 'Mọ̀mí, ẹ ò mọ sáyẹ́ǹsì.'" Ó dìde. Ó gbọn ìró rẹ̀. "Jẹ́ n gbé kẹ́tùrù kaná. Èmi àti ìwọ ò tíì jọ jẹun láti ọjọ́ náà."

Ó gbé kẹ́tùrù kaná lóòótọ́, ó ń fi ìka kan nu ojú. Nígbà tó padà dé, ojú rẹ̀ lọ sínú báàgì Yíwọlá, tí etí ọ̀rá dúdú yọ níbẹ̀. "Áà, o ra mílíìkì wá!"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Rárá, Mọ̀mí."

"Ṣé mílíìkì ni àbí kì í ṣe mílíìkì?"

"Mílíìkì ni. Ó ti bàjẹ́."

"O ra mílíìkì tó ti bàjẹ́ wá kí mi?"

"Àwọn ará Apple Junction ni, Mọ̀mí, ẹ mọ̀ wọ́n."

"Mú un wá, n óò dá a padà fún wọn lójú." Mọ̀mí nawọ́. Yíwọlá yára ki ọwọ́ bọ báàgì kó lè ṣíwájú rẹ̀ dé ibẹ̀, ìdérí Ezra sì ṣe ohun tí Ezra ní yóò ṣe. Nǹkan tútù bo ọwọ́ rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ọwọ́ nínú báàgì, bí ẹni tí wọ́n ká mọ́dìí ìkòkò ẹran.

"Yọ ọwọ́ ẹ, jẹ́ n wò ó."

"Mọ̀mí, mo fẹ́ máa lọ."

"Pẹ̀lú ọwọ́ nínú báàgì?"

"Bí mo ṣe ń rìn nìyẹn, Mọ̀mí." Ó ń fẹ̀yìn rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó fi ọwọ́ kejì ṣí ilẹ̀kùn. Alàájà Kúlísúmù, tó ti fi etí lé ilẹ̀kùn náà látìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, wọlé pẹ̀lú orí. Ó di báàgì mú kó má baà ṣubú, ó sì ṣubú, òun àti báàgì. Ọwọ́ Yíwọlá yọ sí gbangba, pupa, ó ń kán tó, tó, sórí táìsì.

"Ẹ̀jẹ̀!" Alàájà ké látilẹ̀ẹ́lẹ̀. "Yéè! Ìyá Láìtán! Ẹ̀jẹ̀!"

Mọ̀mí ò ké. Ó di Yíwọlá lọ́wọ́ mú, ó fà á gba ilé ìdáná kọjá dé ẹ̀yìnkùlé, síbi ẹ̀rọ omi. Ó ṣí omi sí i. Kò lọ. Ó fi ọṣẹ sí i. Kò lọ. Ó dúró díẹ̀, ó gbé ọwọ́ náà súnmọ́ imú.

Yíwọlá rí ojú rẹ̀ nígbà tó gbóòórùn náà. Ó bẹ Ọlọ́run kí òun má tún rí irú ojú bẹ́ẹ̀ mọ́.

Mọ̀mí wọlé, ó gbé kẹrosíìnì jáde. Ó bù ú sí àkísà, ó ń nù ún díẹ̀díẹ̀, ìka kan lẹ́yìn ìkejì. Pupa náà tú, ó ń ṣàn sínú bàsíà, ọwọ́ Yíwọlá sì mọ́.

Alàájà ti dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó ń gbọn gèlè rẹ̀. "Ìyá Láìtán, nǹkan yìí ń rùn bíi péǹtì o."

"Ẹ̀jẹ̀ ni, Alàájà. Ó fi agolo gé ara ẹ̀." Mọ̀mí ń nù ún lọ. "Ẹ máa lọ sílé yín."

Alàájà lọ sílé rẹ̀, ìyẹn ni pé ó lọ sójú fèrèsé rẹ̀.

Mọ̀mí gbé bàsíà náà lọ sídìí igi fúrúùtù. Ó da omi náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó sùn, ó sì jókòó sórí ilẹ̀ tútù náà pẹ̀lú ìró rẹ̀.

"Kí ló máa ń kọ sí wọn lára?" ó bi Yíwọlá, láìwò ó.

"Nọ́ńbà, Mọ̀mí."

"Kí ni nọ́ńbà náà ń sọ?"

"Ibi tó ti mú un."

"Ibi tó ti mú un." Mọ̀mí fi àtẹ́lẹwọ́ pa yanrìn tó rin náà. "Gbogbo wọn pátá?"

Irọ́ ti tán lẹ́nu Yíwọlá. Ó jókòó tì í. Mọ̀mí gbá ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ náà mú, ó gbé e sórí itan rẹ̀, níbi tó gbé òkúta sí lẹ́ẹ̀kan.

"Ìyá Láìtán!" Alàájà ń pariwo látojú fèrèsé. "Kẹ́tùrù yín ti ń jó o! Ìyá Láìtán! Ẹ fẹ́ jó wa mọ́lé ni?"

Kò sẹ́ni tó dìde.